Aṣọ Tí Ìyá Àgbà Tú Lára Màmá Mi

Lọ́jọ́ tí a sin Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Màmá mi, ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó wá kí wa ń sọ: pé ọwọ́ wọn dára, pé kò sí ìyá ìkókó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ rí tí kò jáde ní rọ̀bọ̀tọ̀. Ààfáà tún un sọ nínú wáàsí, àwọn èèyàn sì ń ṣe àmín. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń wo Màmá mi. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ìyá ìkókó kan wà tó bọ́ sí Ìyá Àgbà lọ́wọ́ tó kù díẹ̀ kó kú síbẹ̀, Màmá mi tó jókòó tí wọ́n ń nu ojú yẹn gan-an ni.

Mi ò ní ka ìtàn ìgbésí ayé wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n tẹ̀ lé ọkọ wá sí Agége, ọkọ kú, àwọn dúró. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ni mo fẹ́ sọ, torí ẹni tí wọ́n ń yìn lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà tèmi le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Olómi Gbígbóná ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ẹ̀yìn ilé wa, lẹ́bàá ògiri ilé iṣẹ́ kan tí fèrè rẹ̀ máa ń dún láàárọ̀ bíi pé ó ń bá gbogbo wa jà, ni àdògán wọn wà. Ìyẹ̀fun pákó ni wọ́n ń kì sí i, torí kẹrosíìnì ti di nǹkan àwátì. Tí obìnrin kan bá ti bímọ, Ìyá Àgbà ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Wọ́n á wẹ ọmọ, wọ́n á gbé e fún ẹni tó bá wà nítòsí, wọ́n á wá kọjú sí ìyá rẹ̀. Wọ́n á ki tówẹ́ẹ̀lì bọ omi tó ń hó, wọ́n á fún un pẹ̀lú ọwọ́ lásán, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn ìyá ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀já, wọ́n á fi gba ikùn náà pinpin. Lẹ́yìn ọ̀já ni ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ ń yọ omi lójú ẹni. Nígbà tí wọ́n wẹ Ìyá Bọ́sẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, igbe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo fèrè ilé iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ń ké pe Jésù, ó ń ké pe ìyá rẹ̀, ó ń ké pe ọkọ rẹ̀. Ìyá Àgbà dúró dìgbà tó mí.

“Pariwo tó bá wù ẹ́,” ni wọ́n wí. “Mo ṣì ń bọ̀ wá sí ẹ̀yìn.”

Wọn kì í wo ojú èèyàn tí wọ́n bá ń kí i, apá ni wọ́n ń wò. Wọ́n á di apá rẹ mú lókè ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á fún un díẹ̀ bí ẹni tó ń ra adìyẹ, kí wọ́n tó béèrè bó o ṣe jí. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Oregun, kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá já wọn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, Ìyá Àgbà á gba apá mú. Nígbà ìjọba sójà nìyẹn, nígbà tí Sápù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti wọ gbogbo ilé, tí búrẹ́dì fi di nǹkan ọjọ́ ọdún. Gbogbo wa là ń rù. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kò sí nǹkan. “Bàbá Sìdí,” ni Ìyá Àgbà máa ń sọ, “ilé iṣẹ́ yẹn ń jẹ yín.”

Èmi ni Sìdí. Mo ti tó ọmọ tí wọ́n ń rán lọ sí ọjà nígbà tí Màmá mi bí àbúrò mi Kàmọ́rù. Ìyá Àgbà fi gbogbo ara tọ́jú wọn. Ọmọ wọn ni, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé tí Màmá mi gbé ọmọ jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ, ọrùn wọn ní ìlà. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ wo ìyá ìkókó mi o.” Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, torí inú Ìyá Àgbà kì í ṣàdédé dùn.

Ìgbà tí Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ni Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Ohun tó dẹ́rù bà wá ni pé wọ́n ń jẹun. Wọ́n ń jẹ ju Bàbá mi lọ. Wọ́n á jẹ ẹ̀bà tán, wọ́n á fi ìka nu abọ́, wọ́n á máa wo abọ́ tèmi. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, eegun ń yọ. Aṣọ tó fún wọn mọ́ra tẹ́lẹ̀ ń já bọ́ léjìká. Irun wọn ń tẹ̀ lé ooyà jáde. Ooru ń mú wọn nígbà tí òjò ń rọ̀ tí àwa ń wá aṣọ bora. Tí wọ́n bá gbé kọ́ọ̀bù, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, omi á dà sí wọn láyà. Mo gbé orí lé wọn láyà lọ́jọ́ kan bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì yára gbé e kúrò. Ohun tó wà nínú ibẹ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ìyá Àgbà mọ ìwòsàn kan ṣoṣo, oúnjẹ ni. Wọ́n fi kún oúnjẹ. Nígbà tí kò sí èyí tí wọ́n máa fi kún un mọ́, wọ́n gbé tiwọn fún Màmá mi. Wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti lọ tipẹ́, mo mọ̀, torí mo ti wọ aṣọ ọdún mi gbó. Mo bi wọ́n léèrè irú ààwẹ̀ tó jẹ́, tí wọn kì í ṣínu. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbá mi létí, wọ́n wá sọ ọwọ́ sílẹ̀.

“Ààwẹ̀ tèmi ni,” ni wọ́n wí.

Bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé Màmá mi lọ sí kílíníìkì ilé iṣẹ́ àwọn, tí wọ́n ti ń tọ́jú òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn. Wọ́n rọra sọ ọ́ ni, bí àna ṣe ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀. Ìyá Àgbà yarí. Wọ́n bi Bàbá mi bóyá wọ́n fẹ́ kí gbogbo Agége gbọ́ pé Ìyá Olómi Gbígbóná ò mọ ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ tọ́jú. Wọ́n ní tí ẹ̀kọ bá tún wọlé díẹ̀ sí i, ara á gbà á. Bàbá mi dìde, wọ́n gbọn ṣòkòtò, wọ́n jáde. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé èèyàn lè bẹ̀rù orúkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ó yẹ kí n sọ ti Ìyá Àgbà náà. Kì í ṣe orúkọ nìkan. Ní òpópónà kejì sí tiwa, ọkùnrin télọ̀ kan ti rù, wọ́n ní àrùn éèdì ni, ìyá onílé sì kó ẹrù rẹ̀ síta níṣojú gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Ọkùnrin náà jókòó lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà títí oòrùn fi wọ̀, a ò sì rí i mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìyá onílé tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo Màmá mi tí wọ́n bá lọ pọnmi. Ìyá Àgbà rí i. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni ẹnikẹ́ni ò ní sọ lọ́jọ́ ìsìnkú.

Bàbá mi máa ń kó àjákù aṣọ wá láti ilé iṣẹ́, àwọn etí aṣọ tí ẹ̀rọ gé dànù, tí gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń gbà láti fi nu ilẹ̀. Ìyá Àgbà kó wọn jọ, wọ́n rán wọn pọ̀ bíi tìmùtìmù pẹlẹbẹ. Wọ́n so ọ̀kan mọ́ ìdí Màmá mi lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n rán òmíràn mọ́ abẹ́ ṣìmí, níbi èjìká. Wọ́n ró ìró lé e, wọ́n tún ró òmíràn lé ìyẹn, wọ́n wá fi bùbá ńlá bò ó. Wọ́n fa ìbòrí sún mọ́ ojú, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìn má bàa hàn. Wọ́n rìn sẹ́yìn, wọ́n wò wọ́n, wọ́n tún èjìká òsì ṣe. Mo ní láti gbà pé iṣẹ́ náà dáa. Nígbà tí Màmá mi jáde sí ojúde, Ìyá Bọ́sẹ̀ pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

“Ìyá Sìdí! Ẹ ti sanra padà o! Ògo ni fún Ọlọ́run!”

“Alhamdulilahi,” ni Ìyá Àgbà dáhùn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Láàárọ̀ Ìyá Àgbà á di Màmá mi, nírọ̀lẹ́ wọ́n á tú wọn. Ẹni tí ooru ń pa ni wọ́n ń di òwú mọ́ lára ní ìlú Èkó. Tí wọ́n bá tú aṣọ náà nínú yàrá, ó máa ń tutù rinrin fún òógùn, mo sì máa ń sá a sórí irin bẹ́ẹ̀dì, torí kò ṣe é sá síta. Màmá mi á dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ní ìhòòhò, wọ́n á ṣí ẹnu sílẹ̀. Eegun ìhà wọn ṣe é kà. Mo fẹ́ sá lọ bá Ìyá Bọ́sẹ̀, kí n ní kó wá wò ó, àmọ́ Ìyá Àgbà ti mú mi fi Kùránì búra pé mi ò ní sọ̀rọ̀ náà síta. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láàárín ìyá àti ọmọ.

“Ìyá, ara mi ń gbóná. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ọ.”

“Fara dà á, Àṣàkẹ́. Tá a bá ti wọlé, màá tú u.”

Ìyá Àgbà máa ń sunkún tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Mo rí i. Ìdí tí mi ò fi lè kórìíra wọn tán nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú bí mi sí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá mi ṣubú sí ìdí ẹ̀rọ omi, pẹ̀lú ìdì lára. Nígbà tí wọ́n lajú, wọn ò lè sọ̀rọ̀ já gaara, èémí wọn kúrú. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé wọn láyà, ojú wọn sì yí padà. Wọ́n ní kí n pọn Kàmọ́rù. Wọ́n jáde sójú títì, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì dí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Bàbá mi tó ń kó àwọn tó máa wọṣẹ́ ọ̀sán lọ sí Oregun. Dírẹ́bà mọ̀ wọ́n, àwọn ló wẹ ọmọ ìyàwó rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ bá wa gbé Màmá mi wọkọ̀, ó sì tẹ̀ lé wa. Torí pé èèyàn kún bọ́ọ̀sì náà, Ìyá Àgbà ò tú nǹkan kan.

Àwọn dókítà ìjọba ń daṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò náà, gbogbo aláìsàn sì ti ya sí ibikíbi tí wọ́n bá gbọ́ pé nọ́ọ̀sì wà. Ẹnu géètì kílíníìkì náà kún fọ́fọ́. Nọ́ọ̀sì kan dúró sí àárín géètì tí wọ́n ṣí díẹ̀, ó ń fi ojú yan àwọn tó máa wọlé. Kò láàánú àwáwí. Ọkùnrin tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, wọlé. Ọmọ tí gìrì mú, wọlé. Ó kan wa. Ó wo Màmá mi láti òkè dé ilẹ̀.

“Kí ló ṣe èyí?”

“Ìyá ìkókó ni,” ni Ìyá Àgbà sọ. “Ó ṣubú. Àyà rẹ̀ ń já.”

“Màmá, àyà ta ni ò já nílùú yìí? Ẹ wò ó bó ṣe sanra. Ẹ mú un lọ sílé kó lọ sinmi, kẹ́ ẹ sì dín ọmọ gbígbé kù fún un. Àwọn tó ń kú ló wà lẹ́yìn yín.”

“Sístà, ẹ jọ̀ọ́ —”

“Màmá, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!”

Ìyá Bọ́sẹ̀ ò lè dákẹ́. Ó rò pé òun ń ràn wá lọ́wọ́. “Sístà, ẹ fọ̀wọ̀ wọ Màmá yìí o! Ẹ ò mọ̀ wọ́n ni? Àwọn ni wọ́n tọ́jú gbogbo wa ní Agége. Kò sí ìyá ìkókó tó ń rù lọ́wọ́ wọn!”

“Èmi náà rí i,” ni nọ́ọ̀sì náà wí. “Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n mú un lọ sílé nìyẹn.” Ó ti ń pe ẹlòmíràn.

Mo rí i tí Ìyá Àgbà wo ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi omi gbígbóná tẹ̀ níkùn, mo mọ àwọn kan lára wọn, wọ́n sì ń kí wọn. Mo rí i tí Ìyá Àgbà wo Màmá mi tó fara ti ògiri, tí ètè wọn ti funfun. Mo rò pé wọ́n máa ní ká máa lọ sílé.

Ìyá Àgbà fa ìbòrí Màmá mi kúrò. Wọ́n gbé bùbá náà gba orí wọn yọ. Wọ́n tú ìró òkè, ó bọ́ sílẹ̀, wọ́n tú tìsàlẹ̀. Ẹnì kan ní, “Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?” Wọ́n fi eyín já okùn tìmùtìmù ọ̀tún, wọ́n já tòsì. Àwọn àjákù aṣọ náà tú sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tó hun wọ́n. Wọ́n ya ṣìmí náà níbi èjìká. Màmá mi dúró pẹ̀lú yẹ̀rì kan ṣoṣo nínú oòrùn ọ̀sán, egungun tí wọ́n fi awọ bò, ọmú méjì tó ti gbẹ. Ìyá Bọ́sẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Kò sanra,” ni Ìyá Àgbà wí. Wọn ò wí i fún nọ́ọ̀sì nìkan, àwọn obìnrin yẹn ni wọ́n kọjú sí. “Èmi ni mo dì í. Ọmọ mi ń kú, mo sì ń fi aṣọ bò ó. Ẹ wò ó dáadáa.”

Nọ́ọ̀sì náà ṣí géètì gbayawu.

Dókítà wọn sọ fún Bàbá mi pé kókó kékeré kan wà lọ́fun èèyàn, pé lẹ́yìn ìbímọ ó máa ń ṣiṣẹ́ àṣejù lára àwọn obìnrin kan, gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ á máa jóná nínú ara, ọkàn á sì máa sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe éèdì, kì í ṣe àìjẹun. Òògùn wà fún un. Ó ní tí ó bá tún pẹ́ díẹ̀, òkú la máa gbé wá. Ó tún béèrè ẹni tó di òwú mọ́ wọn lára nínú ooru. Ìyá Àgbà nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Màmá mi pẹ́ kí wọ́n tó gbádùn, ọkàn wọn ò sì padà sí bó ṣe wà. Dòní, tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n máa ń dúró láàárín. Ti Ìyá Àgbà ò gba òògùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n mọ́. Àwọn obìnrin á pọn ọmọ kọjá, wọ́n á kúnlẹ̀ kíákíá, wọ́n á máa lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ bí òmíràn, obìnrin kan láti Ìlúpéjú ló wá wẹ̀ ẹ́ níṣojú wa, pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá Àgbà jókòó sídìí àdògán wọn, wọ́n ń gbọ́ ìkókó tó ń ké. Wọ́n ti dáná láti àárọ̀.

“Omi wà lórí iná,” ni wọ́n wí fún mi, “tí wọ́n bá fẹ́.”

Kò sẹ́ni tó wá. Àwọn tó sì ń yìn wọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn kan lára wọn wà lẹ́nu géètì yẹn.

Lọ́dún tó gbẹ̀yìn wọn, àìsàn inú kan jẹ wọ́n tán. Àwọn tí wọ́n máa ń wo apá gbogbo èèyàn, apá tiwọn ò wá kún ọwọ́ mi mọ́. Ọ̀sán kan a gbọ́ pé àwọn èèyàn ń bọ̀ wá kí wọn. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri yàrá. Wọ́n mú ìró kan jáde, wọ́n ró o lé èyí tó wà lára Ìyá Àgbà. Wọ́n tún mú òmíràn. Wọ́n gbé súwẹ́tà, wọ́n ń wá bí ọwọ́ wọn á ṣe wọ̀ ọ́. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù: àwọn èèyàn á ní kò fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ.

Ìyá Àgbà jẹ́ kí wọ́n ṣe é dé ìdajì. Wọ́n wo aṣọ náà, wọ́n wo ojú ọmọ wọn.

“Àṣàkẹ́, ṣé òtútù ló ń mú mi ni?”

“Rárá, Ìyá.”

“Tú u.”

Màmá mi dúró pẹ̀lú ìró lọ́wọ́. Ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n tú ti òkè, wọ́n tú èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n bọ́ súwẹ́tà, wọ́n sì jókòó tì wọ́n, wọ́n di apá tó ti rù yẹn mú.

“Sìdí,” ni Ìyá Àgbà wí, “ṣílẹ̀kùn fún wọn.”